Ìtàn Òbúkọ Létí Ìmọ́lẹ̀

Àkànkẹ́ kì í ṣe ẹni tí ẹnu rẹ̀ ń sinmi. Ẹ bi wọ́n léèrè ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní agboolé tí wọ́n ti bí i, wọ́n á sọ fún yín pé ọjọ́ tí wọ́n ń sìn ín lọ sílé ọkọ, tó yẹ kí ìyàwó dorí kodò kó máa sunkún, ìyàwó ọ̀hún ló ń júwe ọ̀nà fún àwọn tó ń sìn ín. Wọ́n lè ti bù mọ́ ọn díẹ̀. Ọṣẹ dúdú ló ń sè nígbà tó wà nílé, ẹni tó bá sì wá ra ọṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ ti mọ̀ pé òun máa pẹ́ níbẹ̀. Bó ṣe ń sẹ́ omi eérú ló ń sọ̀rọ̀, bó ṣe ń ro àdín lórí iná ló ń sọ̀rọ̀, bí ọṣẹ bá sì jiná tán, ọ̀rọ̀ á ṣì kù nílẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ní tiẹ̀ kì í sọ ju “ẹ̀n-ẹ́n” lọ. Nígbà tí ọkùnrin náà kú, àwọn aládùúgbò kan tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run ní ó ti wá rí ìsinmi gidi.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí fún un, Lékan. Wẹ́dà ni Lékan. Ọdún tí àwọn ológun gbé ìjọba sílẹ̀ ló wáṣẹ́ lọ sí Port Harcourt, ó sì rí i lọ́dọ̀ àwọn agbaṣẹ́ṣe tí ń tún páìpù ṣe ní Alesa, níbi tí wọ́n ti ń fọ epo. Nígbà tó yá, ó fẹ́ Ayọ̀bámi, ọmọ Iléṣà tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì. Wọ́n gba ilé sí Rumuola, oyún sì dé. Àkànkẹ́ da ìkòkò ọṣẹ rẹ̀ délẹ̀, ó di ẹrù, ó ní òun ń lọ wẹ ọmọ fún wọn ni o, òun ò lọ gbé ibẹ̀. Bí ọmọ bá ti lè jókòó, òun á máa bọ̀ nílé.

Ọmọ ò jókòó. Bí Àkànkẹ́ ṣe di ará Port Harcourt nìyẹn.

Ìrọbí ló pẹ́. Nígbà tí ọmọ fi máa jáde, kò ké. Wọ́n gbá a nídìí, wọ́n da omi tútù sí i lára, ó pẹ́ kó tó mí kanlẹ̀. Wọ́n sọ ọ́ ní Ìmọ́lẹ̀, Àkànkẹ́ fi Àlàó ṣe oríkì rẹ̀, wọ́n dúpẹ́. Oṣù ń gorí oṣù, ọrùn ọmọ ò dúró. Apá rẹ̀ á le koránkorán, ẹsẹ̀ rẹ̀ á lọ́ mọ́ra wọn, bó bá sì fẹ́ di nǹkan mú, ọwọ́ á gba ibòmíràn lọ. Wọ́n gbé e kiri títí dókítà kan fi là á yé wọn pé afẹ́fẹ́ ni kò dé ọpọlọ rẹ̀ dáadáa lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, pé ibi tó bàjẹ́ níbẹ̀ ni ibi tó ń pàṣẹ fún apá, ẹsẹ̀ àti ahọ́n. Àìsàn náà ní orúkọ gígùn lédè òyìnbó. Síípíì ni àwọn ìyá ọlọ́mọ tí wọ́n jọ ń pàdé nílé ìwòsàn gé e kúrú sí.

Ẹ wá wo ilé tí obìnrin ọlọ́rọ̀ yìí bọ́ sí. Ará Ikwerre ló ni ilé, ará Igbo ń bẹ níwájú, ará Ijaw ń bẹ lókè, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ “ẹ káàárọ̀” nínú gbogbo wọn. Lékan fúnra rẹ̀ ti ṣòfin pé òyìnbó ni wọ́n á máa sọ nínú ilé, kí àwọn ọmọ má bàa gbẹ́yìn nílé-ìwé. Àwọn àbúrò Ìmọ́lẹ̀, Tèmiolúwa àti Fọláhànmí, pa òfin náà mọ́ dé ibi tí wọ́n lè pa á mọ́ dé: òyìnbó lójú bàbá wọn, píjìn lẹ́yìn rẹ̀. Bí Àkànkẹ́ bá ní, “Ẹ wá jẹun,” wọ́n á wojú ara wọn, ọ̀kan á ní, “Grandma, wetin you talk?” Àkànkẹ́ á gbé àwo síwájú wọn, ikùn wọn á sì túmọ̀ ìyókù fún wọn.

Ó fẹ́ máa se ọṣẹ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìnkùlé, onílé ní èéfín ò gbọdọ̀ jáde nínú ọgbà òun. Ó gbà. Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, èéfín dúdú kan bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ láti ojú sánmà sórí gbogbo Port Harcourt, aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn ń dúdú, ihò imú ọmọ ń dúdú, ẹni tó rìn láìwọ bàtà nínú ilé, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ á dà bíi ìdí ìkòkò. Àkànkẹ́ ní, “Tèmi ni wọ́n rí lé.” Kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tó wí.

Ta ló wá kù tí yóò máa bá sọ̀rọ̀? Ìmọ́lẹ̀ ni. Láti àárọ̀ tí Lékan bá ti gba Alesa lọ, tí Ayọ̀bámi bá gba báńkì lọ, tí àwọn ọmọ yòókù bá gba ilé-ìwé lọ, àwọn méjèèjì ló ń kù sílé. Ká má parọ́ mọ́ Àkànkẹ́: kò rò pé ọmọ náà ń gbọ́. Ó ń bá a sọ̀rọ̀ bí èèyàn ṣe ń bá ewúrẹ́ ilé sọ̀rọ̀ ni, kí ẹnu má bàa dí. Ó sọ bí wọ́n ṣe ń se ọṣẹ. Ó sọ ti ìyàálé rẹ̀ tó máa ń yọ́ bu iyọ̀ kún ọbẹ̀ ẹlòmíràn. Ó sọ ti ọkọ rẹ̀, ó bú u, ó sunkún rẹ̀. Ó sọ ohun tó dára àti ohun tí kò dára, àti ohun tí èèyàn kì í sọ lójú ẹni tó létí. Bó bá dákẹ́ láti sinmi, ojú Ìmọ́lẹ̀ á lọ sókè, á máa wo àjà, òun náà á sì tún bẹ̀rẹ̀. Ó rò pé aláǹgbá ló ń wò.

Ìtàn kan wà tó sọ títí tó fi di bárakú. Baálé agboolé wọn ní òbúkọ kan tó gbéra ga ju olúwa rẹ̀ lọ. Ó ń jẹ iṣu tí wọ́n sá, ó ń tẹ ẹní mọ́lẹ̀, kò sẹ́ni tó lè nà án nítorí ti baálé ni. Lọ́jọ́ kan, ó ti ẹnu bọ ìkòkò ọṣẹ Àkànkẹ́, ó lá a yó. Kò pẹ́ tí ìfófòó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ya lẹ́nu rẹ̀ wùrùwùrù. Ẹ̀rù ba òun náà, ó bá sáré bọ́ sáàárín àwọn àgbà tí wọ́n ń parí ìjà lábẹ́ igi. Wọ́n rí ìfófòó, wọ́n ní wèrè òbúkọ ni, kálukú gba ọ̀nà tirẹ̀. Baálé fúnra rẹ̀ gun orí ògiri, fìlà rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, ó ń pariwo lókè níbẹ̀ pé, “Òbúkọ ta nìyí? Ta ló ni òbúkọ burúkú yìí?” Gbogbo agboolé bá dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé, “Baálé, tiyín ni.” Bí Àkànkẹ́ bá dé ibẹ̀ lẹ́nu ìtàn, Ìmọ́lẹ̀ a máa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó ń rẹ́rìn-ín nígbà mìíràn tí kò sóhun tó ṣẹlẹ̀, nítorí náà ìyá àgbà yìí kò kà á sí.

Ìmọ́lẹ̀ ń dàgbà, ẹ̀yìn Àkànkẹ́ ń gbó. Ọmọ tó ti ń pọ̀n tẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń wọ́lẹ̀. Nígbà òjò kan, ó ń gbé e jáde ní balùwẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, àwọn méjèèjì ṣubú. Òun ló fi ìbàdí gba ilẹ̀ kí ọmọ má bàa fi orí gbá a. Ó jókòó sílẹ̀ níbẹ̀, ọmọ lórí itan rẹ̀, ara ń ro ó, kò lè dìde, kò sì sẹ́ni nílé. Ó bá ọmọ sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ohun tó sọ nílẹ̀ balùwẹ̀ lọ́jọ́ náà, a máa débẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, Ìmọ́lẹ̀ kò jẹ ẹ̀kọ, ó kọjú sí ògiri títí ilẹ̀ fi ṣú. Àkànkẹ́ ní eyín ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, ó fi iyọ̀ ra á ní èrìgì.

Ìṣubú yẹn ló ba Lékan lẹ́rù. Ní ọjọ́ Sátidé kan, ó jókòó síwájú ìyá rẹ̀, kò gbé ojú sókè.

“Màámi, ẹ ò lè gbé e mọ́.”

“Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?”

“Ẹ̀yìn yín ló sọ bẹ́ẹ̀. Ilé kan wà lọ́nà Ahoada tí wọ́n ti ń tọ́jú irú wọn. Mo ti dé ibẹ̀. Ibẹ̀ mọ́.”

“Irú wọn wo, Lékan?”

Lékan ní dókítà kan wà ní D-Line tó ní ẹ̀rọ tó ń wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn nínú ọpọlọ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, pé oníbàárà kan ló sọ fún Ayọ̀bámi ní báńkì. Àwọn á gbé Ìmọ́lẹ̀ lọ síbẹ̀. “Bí wọ́n bá ní ó ń gbọ́ wa, tó mọ̀ wá, kò ní lọ síbì kan. Màá wá ẹni tí yóò máa bá yín gbé e. Ṣùgbọ́n bí kò bá mọ̀ wá, Màámi, kò ní mọ̀ pé òun ò sí nílé.”

Ẹ má tíì ṣépè fún un. Ọkùnrin tí kò nífẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀ kì í lọ wo ibi tó fẹ́ gbé e lọ kó tó sọ̀rọ̀. Ayọ̀bámi wà nínú yàrá, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ń sunkún, kò sì jáde wá sọ pé rárá. Ó ti rẹ gbogbo wọn. Àkànkẹ́ nìkan ni kò tíì gbà pé ó ti rẹ òun.

Ọjọ́ tí wọ́n máa lọ, Ayọ̀bámi ò ráyè kúrò ní ibi iṣẹ́. Lékan gbé ọmọ, Àkànkẹ́ gbé báàgì, wọ́n gba takisí nítorí Ìmọ́lẹ̀ kò lè jókòó nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Òkè ilé alájà méjì kan ni ilé ìwòsàn náà wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì kan. Tonye ni orúkọ dókítà, obìnrin Kalabari tó ga, tó ń fi sùúrù sọ̀rọ̀. Ó bọ Àkànkẹ́ lọ́wọ́ kó tó fọwọ́ kan ọmọ, ìyẹn ni Àkànkẹ́ fi kà á sí èèyàn.

Dókítà ṣàlàyé, Lékan ń túmọ̀. Ó ní ẹ̀jẹ̀ kì í ṣàn bákan náà nínú orí nígbà gbogbo. Ibi tí iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ń sáré lọ. Bí ọmọ bá ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tó yé e, ọpọlọ rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ á yára níbẹ̀, ẹ̀rọ á sì rí i. Àkànkẹ́ ní ìyẹn yé òun, bó bá ku díẹ̀ kí ọṣẹ dì ni èèyàn ń kó igi sí i nídìí. Dókítà ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ fún wọn pé ẹ̀rọ òun kì í sọ ohun tí ọmọ ń rò, bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yára tó nìkan ló ń sọ. Kò sí abẹ́rẹ́ níbẹ̀, kò sì sí ìrora.

Ó wá bi Lékan pé èdè wo ni wọ́n ń sọ nílé. Lékan ní òyìnbó ni, àti píjìn díẹ̀.

Wọ́n fi ìgbàjá rírọ̀ kan de orí Ìmọ́lẹ̀, wọ́n fi ìpara tútù kùn ún ní ẹ̀bátí méjèèjì, wọ́n gbé nǹkan kékeré méjì lé ibẹ̀. Ìró ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gba inú yàrá, fúù, fúù, fúù, bí ẹni tó ń fẹ́ná láìsinmi. Ojú kọ̀ǹpútà gbé àwọ̀ pupa àti àwọ̀ aró jáde, ìlà kan sì ń rìn lọ lábẹ́ rẹ̀. Àkànkẹ́ ò tíì gbọ́ ìró inú orí èèyàn rí. Ó jókòó ti ọmọ, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Wọ́n fi nǹkan ìgbọ́ràn dé e létí, wọ́n tan ìtàn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ sí i, wọ́n pa á, wọ́n tún tàn án. Bí ọ̀rọ̀ bá ń lọ, ìlà ń rìn pẹrẹsẹ. Bí ọ̀rọ̀ bá dúró, ìlà ń rìn pẹrẹsẹ. Dókítà pààrọ̀ rẹ̀ sí ti píjìn. Ìlà gbé orí díẹ̀, ó tún sùn.

Dókítà Tonye ní èyí nìkan kò tó láti fi parí ọ̀rọ̀, pé òun á tún pè wọ́n. Lékan dúpẹ́. Ọpẹ́ náà jáde lẹ́nu rẹ̀ bí ti ẹni tí wọ́n ti dájọ́ fún.

“Màámi, kò gbọ́.”

“Kí ni kò gbọ́?”

“Ìtàn tí wọ́n sọ sí i létí.”

“Wọ́n sọ ọ́ lédè wo?”

“Òyìnbó ni. Wọ́n tún sọ ọ́ ní píjìn.”

Àkànkẹ́ wo ọmọ rẹ̀ láti òkè délẹ̀. “Lékan, ta ló kọ́ ọ ní òyìnbó? Ìwọ ni? Ọjọ́ wo lo jókòó tì í tí o bá a sọ òyìnbó? Àwọn àbúrò rẹ̀ tí ẹ kọ́, ẹ rán wọn lọ sílé-ìwé. Ìmọ́lẹ̀ ńkọ́? Ta lẹ fi sílé tì í láti àárọ̀ dalẹ́? Ẹ bá kúkú fi èdè Lárúbáwá bi èmi náà léèrè orúkọ bàbá mi.”

Òótọ́ ni pé òyìnbó ni wọ́n ń sọ nílé. Lékan ló ṣòfin rẹ̀. Kò wá sí i lọ́kàn rí pé ọmọ kan wà nínú ilé tí òfin náà kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, nítorí yàtọ̀ sí Àkànkẹ́, kò sẹ́ni tó ń bá a sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láti pa òfin mọ́ fún un.

Dókítà bi í pé kí ni Mama ń sọ. Nígbà tí Lékan túmọ̀ rẹ̀ tán, dókítà rọra bi í pé kí ló dé tí kò sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, Lékan sì ní òun ò rántí. Dókítà yọ nǹkan ìgbọ́ràn kúrò létí ọmọ, ó yí àga rẹ̀ sí Àkànkẹ́. “Mama, you go fit tell am story?”

Ìgbà yẹn ni àyà Àkànkẹ́ já. Àríyànjiyàn ló bá ọmọ rẹ̀ ṣe, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe, ṣùgbọ́n ta ló sọ fún un pé Ìmọ́lẹ̀ ń gbọ́ Yorùbá? Òun fúnra rẹ̀ kò gbà á gbọ́ rí. Bó bá sọ̀rọ̀ báyìí tí ìlà sì sùn, a jẹ́ pé òun ló ti ilẹ̀kùn ìkẹyìn mọ́ ọmọ, a jẹ́ pé wọ́n á gbé e lọ ọ̀nà Ahoada pẹ̀lú ohùn òun létí rẹ̀. Obìnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi wá ń wá itọ́ tí yóò gbé mì.

Dókítà ní kó kọ́kọ́ máa kùn lásán, kó má sọ ọ̀rọ̀ kankan, nítorí òun fẹ́ mọ̀ bóyá ohùn ni ọmọ fẹ́ tàbí ọ̀rọ̀. Bí òun bá na ọwọ́ sókè, kó bẹ̀rẹ̀. Bí òun bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, kó dákẹ́. Lékan ní, “Màámi, dídákẹ́ lẹ máa fi sọ́kàn jù,” àwọn méjèèjì fẹ́ rẹ́rìn-ín, wọn ò rẹ́rìn-ín.

Àkànkẹ́ kùn. Ìlà gbé orí díẹ̀, ó padà. Ó kùn lẹ́ẹ̀kejì, bákan náà ni. Dókítà wá ní kó sọ ìtàn.

“Àlàó ọkọ mi,” ó ní, “ṣé o rántí òbúkọ baálé?”

Ìlà gòkè. Kò tíì sọ ìtàn o, ìbéèrè ló béèrè. Dókítà rẹ ọwọ́ sílẹ̀, Àkànkẹ́ dákẹ́, ìlà rọra ń bọ̀ nílẹ̀. Dókítà na ọwọ́ sókè, òbúkọ tẹ ẹní mọ́lẹ̀, ìlà gòkè. Ó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, ìlà bọ̀ nílẹ̀. Òbúkọ ti ẹnu bọ ìkòkò. Fúù, fúù, fúù ti ẹ̀bátí ọmọ ń yára sí i, Lékan sì ti dìde láìmọ̀ pé òun dìde. Àwọn àgbà sá, fìlà bọ́, baálé gun ògiri, ó ń pariwo pé, “Òbúkọ ta nìyí? Ta ló ni òbúkọ burúkú yìí?” Ibẹ̀ gan-an ni ọwọ́ dókítà wá sílẹ̀. Àkànkẹ́ fi eyín di ètè rẹ̀ mú.

Nínú ìdákẹ́jẹ́ náà, ìlà kò bọ̀ nílẹ̀. Ó ń gòkè lọ. Ìmọ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó fi gbogbo ara rẹ́rìn-ín, nígbà tí ẹnikẹ́ni ò sọ ohun kan.

Dókítà bi wọ́n pé kí ló kàn nínú ìtàn náà. Lékan mọ ohun tó kàn. Orí ìtàn yẹn ni wọ́n tọ́ òun náà dàgbà. Ó ní ibi tí wọ́n ti máa ń rẹ́rìn-ín ló kàn.

Dókítà tún sọ pé kí Àkànkẹ́ ní kí ọmọ wo òkè bó bá ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí. Ó sọ fún un. Ọrùn Ìmọ́lẹ̀ yí síhìn-ín, ó yí sọ́hùn-ún, apá rẹ̀ le, gbogbo wọn dúró. Ojú rẹ̀ wá gòkè lọ sí àjà, ó sì dúró síbẹ̀. Àkànkẹ́ mọ ìwò yẹn. Ojoojúmọ́ ló ń rí i nílé. Kò sí aláǹgbá kankan ní àjà dókítà.

Dókítà Tonye ní ìwádìí ọjọ́ kan kì í parí ọ̀rọ̀, pé kí wọ́n padà wá, pé ọ̀nà wà láti kọ́ ọmọ tó lè fi ojú dáhùn. Lékan kò gbọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀. Ó jáde lọ dúró lẹ́bàá jẹnẹrétọ̀ tó ń pariwo, kí ó lè sunkún kí wọ́n má gbọ́. Nígbà tó padà, ó gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó ní, “Ìmọ́lẹ̀, a ń lọ sílé.” Yorùbá ló fi sọ ọ́.

Ẹ̀yin á rò pé Àkànkẹ́ ń jó nínú takisí. Inú rẹ̀ dùn títí wọ́n fi kúrò ní D-Line. Nígbà tí wọ́n fi máa kan Aba Road, ohun kan ti dé bá a. Bó bá jẹ́ pé ọmọ yìí ń gbọ́, a jẹ́ pé ó ti ń gbọ́ láti ọjọ́ yìí. Ó gbọ́ ti ìyàálé, ó gbọ́ ti òbúkọ. Ó sì gbọ́ ti balùwẹ̀. Àkànkẹ́ kọjú sí fèrèsé, kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí wọ́n fi délé. Lékan bi í pé ṣé kò sí o.

Nígbà tí wọ́n délé, Lékan dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pe Ayọ̀bámi lórí fóònù. Àkànkẹ́ tẹ́ ọmọ sórí ẹní, ó gbé ìrọ̀rí sí i lọ́rùn, ó wo ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀. Àgbà kì í kúnlẹ̀ fún ọmọdé níbi tí wọ́n ti bí Àkànkẹ́, ìbàdí tó sì fi gba ilẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ń dùn ún, ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀.

“Àlàó,” ó ní. “Lọ́jọ́ tí a ṣubú ní balùwẹ̀, mo ní ọmọ burúkú ni ọ́. Mo ní kí ló dé tí o ò bá ẹsẹ̀ rẹ padà lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọ, kí èmi náà lè padà sílé mi. Ṣé o gbọ́ ọ?”

Ọmọ náà ń wò ó. Ojú rẹ̀ gòkè.

“Ó dùn ọ́?”

Ojú rẹ̀ gòkè kíákíá, kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Omi bọ́ lójú Àkànkẹ́, kò nù ún. “Kì í ṣe eyín ni nígbà náà. Mo fi iyọ̀ ra ọ́ lẹ́nu.” Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé ilẹ̀. “Irọ́ ni mo pa, ọkọ mi. Ara ló ń ro mí. Kò sí ilé kankan tí mo fẹ́ padà sí tí o ò ní sí níbẹ̀. Foríjì mí.”

Ìmọ́lẹ̀ yí ojú sí ògiri. Ó pẹ́ níbẹ̀. Àkànkẹ́ ò dìde, kò sì fi ọ̀rọ̀ kún ọ̀rọ̀. Bóyá ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tó dúró de ẹlòmíràn kó sọ tirẹ̀ tán. Nígbà tó yá, orí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà, díẹ̀díẹ̀, ó ń gbọ̀n, ó ń yẹ̀, títí ó fi kojú sí i. Ojú rẹ̀ lọ sókè, ó ń wo àjà.

“Kí n máa bá a lọ?”

Ojú náà ṣì wà lókè.

Àkànkẹ́ nu imú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ níbi tí dókítà ti dá a dúró. Baálé wà lórí ògiri, fìlà rẹ̀ wà nílẹ̀, ìfófòó ń ya lẹ́nu òbúkọ, baálé ń pariwo pé, “Òbúkọ ta nìyí? Ta ló ni í?” Ó dá ìtàn dúró níbẹ̀, ó ń nu ojú.

Lékan ti pa fóònù. Ó ń gbọ́ láti ẹnu ọ̀nà, Àkànkẹ́ ò sì mọ ìgbà tó ti ń gbọ́. Ó wọlé wá, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ẹ̀bátí ọmọ rẹ̀ níbi tí ìpara ẹ̀rọ ti gbẹ sí.

“Baálé,” ó ní, “tiyín ni.”